Bí Mo Ṣe Bá Gbogbo Ìjọ Jiyàn Nípa Ọlọ́run

Abọ́ omi kan àti dígí kékeré kan ló bẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí nígbà náà, mo wà ní SS2 ní ilé ìwé girama ní Ayédé-Èkìtì, ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn tí ìjọba ológun kógbá sílé. Lọ́jọ́ kan, tíṣà físíìsì wa gbé abọ́ omi sójú fèrèsé kíláàsì, ó ki dígí bọ inú omi náà, ó ń yí i díẹ̀díẹ̀ kí oòrùn lè bọ́ sí i lára. Lójijì, òṣùmàrè yọ lára ògiri. Òṣùmàrè gidi! Pupa, àwọ̀ ọsàn, ìyeyè, àwọ̀ ewé, àwọ̀ aró, gbogbo rẹ̀ tò síbẹ̀ bí ẹni fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi hó yèè. Èmi ò lè hó. Ṣe ni mo dìde, mo lọ fi ọwọ́ kan ògiri náà, àwọ̀ náà sì wá dúró sí ẹ̀yìn ọwọ́ mi.

Sáré ni mo sáré délé lọ́jọ́ náà. Mo yọ dígí tí ìyá mi fi ń wo ojú, mo bu omi sínú abọ́, mo gbé e sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná níbi tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ti ń wọlé. Mo yí dígí títí ọwọ́ fi ń ro mí. Nígbà tó yá, ó yọ lára ògiri tí èéfín ti sọ di dúdú.

Ìyá mi pariwo. "Yéè! Ta ló mú òṣùmàrè wọ ulé?"

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń sọ ọ́ lọ́dọ̀ wa, ulé la ń pe ilé, uṣẹ́ la ń pe iṣẹ́. Bàbá mi gbọ́ ariwo náà, ó sáré dé láti ẹ̀yìnkùlé. Àgbẹ̀ oníkòkó ni bàbá mi, òun sì tún ni wọ́dìn ìjọ wa, ìyẹn ni pé òun ló ń bójú tó ilé ìjọsìn, tó sì máa ń jókòó níwájú pátápátá lọ́jọ́ Ìsinmi. Ó bẹ̀rẹ̀ wo abọ́ náà, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó wo abẹ́ rẹ̀.

"Tún un ṣe," ló wí.

Mo tún un ṣe.

"Tún un ṣe."

Mo tún un ṣe títí oòrùn fi wọ̀. Nígbà tí kò sí ìmọ́lẹ̀ mọ́, ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Òṣùmàrè tí Ọlọ́run fi bá Nóà dá májẹ̀mú nìyí o."

Mo ní, "Bàbá, èmi ni mo ṣe é."

Ó yíjú sí mi. "Bẹ́ẹ̀ ni," ó ní, "ìwọ lo ṣe é."

Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ méjèèjì yẹn ò kúrò lọ́kàn mi mọ́. Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ wa nílé ẹ̀kọ́ ọjọ́ Ìsinmi pé Ọlọ́run ló ń fi òṣùmàrè sójú ọ̀run. Tí èmi náà bá lè fi abọ́ tí a fi ń fọ ẹ̀wà ṣe é, iṣẹ́ ta ni?

Kò pẹ́ sígbà náà ni àlùfáà wa ṣe ìkéde kan lẹ́yìn ìsìn. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni àlùfáà náà, kò tíì lo ọdún kan lọ́dọ̀ wa, ẹ̀rín kì í sì í jìnnà sí i lẹ́nu. Ó ní ní ọ̀sẹ̀ àwọn ọ̀dọ́ tó ń bọ̀, dìbéètì máa wà nínú gbọ̀ngán ìjọ lọ́sàn-án Sátidé. Àkòrí rẹ̀ ni pé ẹni tó bá ń lo ọpọlọ rẹ̀, tó sì mọ sáyẹ́ǹsì, kò lè gba Ọlọ́run gbọ́. Ẹnì kan máa sọ pé òótọ́ ni, ẹnì kan máa sọ pé irọ́ ni.

Ńṣe ni inú ṣọ́ọ̀ṣì ń kùn. Bàbá àgbàlagbà kan dìde láàárín ìjọ. "Àlùfáà, ta lẹ rò pé ó máa dúró nínú ulé Ọlọ́run, tó máa sọ pé kò yẹ ká gba Ọlọ́run gbọ́?"

Àlùfáà dá a lóhùn jẹ́jẹ́. "Bàbá, àwọn ọmọ wa ń gbọ́ ọ níta. Àwọn tó lọ sí yunifásítì ń gbọ́ ọ ní Ìbàdàn àti ní Èkó. Ẹ jẹ́ kí àwa náà gbọ́ ọ nínú ilé, ká wo bí a ó ṣe dá wọn lóhùn."

Ẹni tó máa gbèjà Ọlọ́run yọjú kíá. Nọ́ọ̀sì kan ni, Àǹtí Nọ́ọ̀sì ni gbogbo ìlú ń pè é. Apá Ìkọ̀lé ni iṣẹ́ rẹ̀ wà, òun ló ń gbé abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọdé sínú kúlà oníyìnyín, tó ń gun ọ̀kadà lọ sí Ìpáò àti Ayébódé, tó sì ń padà wá sílé lọ́dọ̀ wa ní òpin ọ̀sẹ̀. Obìnrin kúkurú ni, ohùn rẹ̀ sì le, bó bá ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin, òun lo máa kọ́kọ́ gbọ́.

Ẹni tó máa ta ko Nọ́ọ̀sì ni kò sí. Ní ìpàdé àwọn ọ̀dọ́, àlùfáà bi wá léèrè ẹni tó máa ṣe é. Ó tún bi wá. Ọmọkùnrin kan tó máa ń jiyàn bọ́ọ̀lù títí ilẹ̀ fi máa ṣú ní òun ò fẹ́ kí ìyá òun lé òun jáde nílé. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ibi tí wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín ni mo ti rí i pé ọwọ́ mi ti wà lókè. Mi ò lè sọ bó ṣe débẹ̀. Mo kàn mọ̀ pé ó dùn mọ́ mi bí ẹni tó fẹ́ fò láti orí igi sínú odò.

Àlùfáà ní, "Ṣé ó dá ọ lójú?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ó kù kí n sọ fún bàbá mi. Àsìkò kòkó ni, nítorí náà mo dúró di ìgbà tí àwa méjèèjì nìkan wà lóko, ní ọ̀nà Ìtàjí. A jókòó ti òkìtì kòkó tí a ti ká, òun ń fi àdá fọ́ ọ, èmi ń fi ọwọ́ kó hóró rẹ̀ sórí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀.

"Bàbá, mo fẹ́ sọ nǹkan kan."

"Sọ ọ́."

"Èmi ni màá ta ko Àǹtí Nọ́ọ̀sì lọ́jọ́ dìbéètì."

Àdá dúró lókè. "Ìwọ?"

"Èmi, sà."

"Wọ́n fi ipá mú ọ ni?"

"Rárá, sà. Èmi fúnra mi ni mo nawọ́."

Ó fọ́ kòkó tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ju èèpo rẹ̀ sẹ́yìn. Ó mú òmíràn. "Ṣé o mọ̀ pé iwájú ni mò ń jókòó sí nínú ṣọ́ọ̀ṣì yẹn?"

"Mo mọ̀, sà."

Ó fọ́ èyí náà. Mo ti ń ronú bí màá ṣe lọ bẹ àlùfáà pé mi ò ṣe mọ́, nígbà tí ó fi àdá gúnlẹ̀ tó sì yí ojú sí mi. "Tó o bá máa ṣe é, má ṣe é bí ẹni tó ń bẹ̀rù. Mi ò fẹ́ kí wọ́n sọ pé ọmọ mi ń kólòlò. Ó yá, èmi ni Nọ́ọ̀sì. Bẹ̀rẹ̀!"

Mo rò pé ó ń ṣeré ni. Kò ṣeré. Mo bẹ̀rẹ̀.

Mo ní, "Ọdún tó kọjá, nígbà tí òjò pẹ́, ìjọ gbààwẹ̀, a gbàdúrà, òjò sì rọ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ọlọ́run gbọ́ wa."

"Òjò náà rọ̀ sí oko àwọn tí kò gbààwẹ̀."

"Ó ṣàánú gbogbo wa ni."

"Ká ní kò rọ̀ ńkọ́?"

"A jẹ́ pé àsìkò rẹ̀ ò tíì tó."

Ibẹ̀ ni nǹkan kan ti tàn nínú orí mi, bí ìgbà tí ẹni tó ń wá nǹkan nínú òkùnkùn ṣàdédé tẹ iná. Mo dìde dúró. "Ẹ rí i, Bàbá! Tó bá rọ̀, Ọlọ́run ni. Tí kò bá rọ̀, Ọlọ́run náà ni. Tó bá rọ̀ sí oko ẹlẹ́ṣẹ̀, Ọlọ́run ṣì ni. Kí ló lè ṣẹlẹ̀ láyé yìí tí ẹ máa fi sọ pé, áà, àṣìṣe ni mo ṣe? Ní ilé ìwé, ká tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, tíṣà máa ń bi wá pé kí la máa rí tí a máa fi mọ̀ pé a ṣì í. Ẹ̀yin, kí lẹ máa rí?"

Bàbá mi sún mọ́ mi. "Tún ìyẹn sọ," ó ní. Mo tún un sọ. Ó ronú sí i. Ó ní, "Wò ó, kòkó tí à ń fọ́ yìí, ta ló ṣe é tí kò fi jẹrà lọ́dún yìí?"

"Ẹ̀yin lẹ fín in. Èmi ni mo pọn omi tí ẹ fi po oògùn."

"Mo gbàdúrà kí n tó fín in."

"Èwo ló wá ṣiṣẹ́ nínú méjèèjì?"

"Méjèèjì ni."

"Báwo lẹ ṣe mọ̀?" Mi ò mọ ìgbà tí mo pariwo. "Ẹ jẹ́ ká pín oko yìí sí méjì lọ́dún tó ń bọ̀. Ká fín apá méjèèjì. Ká wá gbàdúrà sí ìdajì, ká má gbàdúrà sí ìdajì tó kù. Ká wo èyí tó máa jẹrà!"

Ẹ̀rín tó pa bàbá mi lọ́jọ́ náà, mi ò rí irú rẹ̀ rí. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí èèpo kòkó. Ó nu ojú rẹ̀. "Kí n dúró láàárín oko," ó ní, "kí n wá sọ fún Ọlọ́run pé, Olúwa, jọ̀ọ́, má wo apá ibí yìí? Kí n sọ fún un pé kó ṣíjú kúrò lára igi tí bàbá mi gbìn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ká lè mọ̀."

"Mi ò lè ṣe é láé!"

"Ẹ wá gbà pé ẹ ò lè dán an wò."

Ó wò mí bí ẹni pé òun ò rí mi rí. Ó wá fi ọwọ́ lu itan. "O mú mi! Hẹ̀n-ẹ́n, ọmọ yìí mú mi gan-an!" Ó dìde, ó ké sí ọkùnrin tó ni oko tó bá tiwa pààlà. "Ẹ wá gbọ́ ohun tí ọmọ mi ń bi mí! Ẹ wá gbọ́ o!"

Ká tó padà sílé, kòkó ò tán, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí èmi àti bàbá mi bá ara wa sọ lọ́jọ́ yẹn ju gbogbo èyí tí a ti ń sọ láti ìgbà tí mo ti dáyé. Tẹ́lẹ̀, gbé ìyẹn wá, gbé èyí lọ, ṣé o ti jẹun, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lójú ọ̀nà ilé, ó ń rìn níwájú, ó gbé àdá sí èjìká, ó ṣáà ń dúró, á yíjú padà, á ní, "Ṣùgbọ́n tí mo bá wá sọ fún ọ pé..." Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé pé ẹrù wà lórí mi. Nígbà àdúrà ìdílé lálẹ́, ó gbàdúrà bó ṣe máa ń gbà á. Mo la ojú díẹ̀ láti wò ó. Ojú rẹ̀ wà ní dídì, ó ń gbàdúrà, ó sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Lọ́jọ́ Sátidé náà, gbọ̀ngán kún. Àwọn ọmọ ìjọ Kátólíìkì wá, àwọn onípẹntikọ́sì wá, àwọn èèyàn dúró sójú fèrèsé. Wọ́n tan jẹnẹrétọ̀ nítorí makirofóònù. Àwọn mẹ́ta ló jókòó bí adájọ́: ìyá kan tó ti jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kó tó fẹ̀yìn tì, olùkọ́ kan láti ìjọ Kátólíìkì, àti ẹni tó ń tẹ dùùrù fún wa. Bàbá mi jókòó níwájú. Ìyá mi jókòó lẹ́yìn pátá, ó fi ìborùn bo orí rẹ̀ débi pé mi ò rí ojú rẹ̀.

Èmi ni mo kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Mo fi ọ̀rọ̀ abọ́ omi àti dígí bẹ̀rẹ̀. Mo sọ ti òjò. Mo bi wọ́n pé kí ló lè ṣẹlẹ̀ tí wọ́n máa fi gbà pé àwọn ṣì í. Mo ní ohun tí sáyẹ́ǹsì fi dára ni pé kì í tijú láti sọ pé àná mo ṣe àṣìṣe. Mo ní òótọ́ ni ká máa wá, bó dùn wá, bí kò dùn wá. Àwọn ọ̀dọ́ ń pàtẹ́wọ́, àwọn ìyá ìjọ ń mirí. Mo tilẹ̀ gbọ́ tí ẹnì kan wí pé, "Ẹ̀jẹ̀ Jésù!" Ṣe ni ìyẹn tún fún mi lágbára.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì dìde. Kò gba makirofóònù, kò nílò rẹ̀.

"Ọmọ yìí sọ òótọ́ kan tí mi ò ní bá a jiyàn," ó ní. "Tí mo bá gbé abẹ́rẹ́ àjẹsára lọ sí Ìpáò, tí mo sì bá a pé yìnyín inú kúlà ti yọ́ tipẹ́, mi ò ní gbàdúrà lé oògùn tó ti bàjẹ́ kí n wá gún ọmọ ọlọ́mọ. Màá dà á nù ni. Ọlọ́run tí mò ń sìn ò ní kí n máa bá tẹmómítà inú kúlà jiyàn."

Gbọ̀ngán rẹ́rìn-ín.

"Ṣùgbọ́n tẹmómítà yẹn, kò jí mi ní ìdájí rí, kó ní dìde, ọmọ kan wà ní Ayébódé tí ìwọ ò bí, òjò ti ba ọ̀nà jẹ́, ọlọ́kadà ò fẹ́ lọ, dìde, lọ bá a. Kí ló ń jí mi?"

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Mo ti dìde kí wọ́n tó dákẹ́. "Adìyẹ náà máa ń bá àṣá jà nítorí ọmọ rẹ̀," mo ní. "Adìyẹ kì í lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì."

Àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ wó gbọ̀ngán lulẹ̀. Àǹtí Nọ́ọ̀sì náà rẹ́rìn-ín. "Ọmọ tirẹ̀ ni adìyẹ ń jà fún," ó ní. "Ṣé o ti rí adìyẹ Ayédé tó lọ jà fún òròmọdìyẹ Ayébódé?"

Báyìí la ṣe ń ju ọ̀rọ̀ náà síra wa. Ó ju ọ̀kan, mo dá a padà. Mo ju ọ̀kan, ó gbá a mú. Ojú àwọn èèyàn ń tẹ̀ lé wa síhìn-ín sọ́hùn-ún. Mi ò rí ohun tó dùn tó báyẹn rí. Kì í ṣe pé mo fẹ́ borí rẹ̀. Mo fẹ́ gbọ́ ohun tó tún fẹ́ sọ.

Ìgbà náà ló wá sún mọ́ mi, ó sì rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Ọmọ mi, o ti ń sọ látìgbà yìí pé òótọ́ ni ká máa wá, bó dùn wá, bí kò dùn wá. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Irọ́ míì wà tó ń tuni lára, ìwọ sì ní ká fi í sílẹ̀. Ó dáa. Ta ló sọ fún ọ pé òótọ́ dára ju irọ́ tó ń tuni lára lọ? Nínú abọ́ wo lo ti rí ìyẹn? Irinṣẹ́ wo lo fi wọ̀n ọ́n?"

Mo rò ó síwá, mo rò ó sẹ́yìn. Ó sì jẹ́ òótọ́! Mo gbà á gbọ́ pẹ̀lú gbogbo ọkàn mi, mi ò sì wọ̀n ọ́n rí. Kò bà mí lẹ́rù, kò sì tì mí lójú. Inú mi ló dùn. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn rò pé òun ti dé ògiri ìkẹyìn nínú ilé kan, ó wá rí ilẹ̀kùn.

"Mi ò mọ̀, mà," mo ní. "Ìbéèrè yẹn dára gan-an. Màá lọ rò ó."

Bàbá mi ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́. Ó gbàgbé pé wọ́dìn ni òun, ó dìde dúró, ó ń pàtẹ́wọ́ bí ọmọdé tó ń wo bọ́ọ̀lù, gbogbo gbọ̀ngán sì dìde tẹ̀ lé e.

Àwọn adájọ́ forí korí pẹ́. Ìyá tó ti fẹ̀yìn tì ló kéde rẹ̀. Ó ní àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò gba ohun tí mo sọ, ṣùgbọ́n èmi ni mo sọ tèmi dáadáa jù. Àwọn ọ̀dọ́ gbé mi sókè. Àlùfáà wá mú ẹ̀bùn tí wọ́n ti rà sílẹ̀ jáde, ó ń rẹ́rìn-ín kó tó dé ọ̀dọ̀ mi. Mo tú bébà tí wọ́n fi dì í. Bíbélì ni, Bíbélì ńlá aláwọ̀ dúdú! Wọ́n rẹ́rìn-ín títí àwọn kan fi ń di ara wọn mú. Àǹtí Nọ́ọ̀sì dì mọ́ mi, ó ní, "Wá kí mi ní ilé. Ẹjọ́ wa ò tíì parí."

Gbogbo èèyàn kọ́ ló rẹ́rìn-ín. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, àwọn obìnrin kan láti inú ẹgbẹ́ àwọn ìyá wá sílé wa. Wọ́n ní ó yẹ kí wọ́n gbàdúrà lé mi lórí kí ẹ̀mí kan má bàa gbà mí lọ́wọ́ ìyá mi. Bàbá mi kí wọn dáadáa, ó fún wọn ní omi, ó ní, "Ẹ ṣeun, àwọn ìyá wa. Ẹ gbàdúrà fún un, kò burú. Ṣùgbọ́n ọmọ yìí béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ wa ni. Tí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ní èsì rẹ̀, ẹ jókòó, ẹ sọ ọ́ fún mi, torí pé èmi náà ń wá a." Wọ́n gbàdúrà, wọ́n lọ.

Ìyá mi ni ọ̀rọ̀ náà wọ̀ lára jù. Kò bá mi jà, ṣùgbọ́n kò kọrin mọ́ tó bá ń dáná. Ọjọ́ kan tí a jọ ń bó ẹ̀gẹ́, ó bi mí láìwojú mi.

"Ohun tó o sọ níjọ́sí, ṣé wọ́n ní kó o sọ ọ́ ni, àbí bó ṣe wà nínú rẹ nìyẹn?"

Mo fẹ́ parọ́, mi ò lè pa á. Láti ọjọ́ dìbéètì, tí wọ́n bá ń gbàdúrà, mo máa ń gbọ́ ohùn ara mi tó ń bi mí pé báwo lo ṣe mọ̀. Mo ní, "Màmá, ó wà nínú mi díẹ̀. Ìgbà míì mo gbàgbọ́, ìgbà míì mi ò mọ̀."

Ó bó ẹ̀gẹ́ kan tán kó tó sọ̀rọ̀. "Nígbà tí gìrì mú àbúrò rẹ," ó ní, "o kéré, o lè má rántí. Mo gbé e sẹ́yìn, mo ń sáré lọ sí ibi tí mọ́tò wà, ká lè gbé e lọ sí ọsibítù ńlá ní Ìdó. Mo ń sáré, mo ń pe Ọlọ́run. N kò dúró láti pe Ọlọ́run, n kò sì dákẹ́ nítorí pé mò ń sáré. Tí ẹnì kan bá ní kí n mú ọ̀kan níbẹ̀, n kò ní lè gbé ẹsẹ̀."

"Dókítà ló wò ó sàn, Màmá."

"Mo mọ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà náà, mo kúnlẹ̀ fún un. N kò bá ọ jiyàn. Bó ṣe ṣe mí ni mò ń sọ fún ọ." Ó wá wo ojú mi. "Má fi ìbéèrè rẹ pamọ́ fún mi. Òun ni n kò fẹ́."

Mo ṣèlérí fún un. Láti ọjọ́ yẹn, ó padà bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin tó bá ń dáná, èmi náà sì ń bá a gbè é.

Mo lọ kí Àǹtí Nọ́ọ̀sì bó ṣe wí, mo sì ń lọ títí mo fi ṣe ìdánwò àṣekágbá. À ń jiyàn, à ń jẹ ẹ̀pà, a sì tún ń jiyàn. Mo lọ kọ́ físíìsì ní yunifásítì, mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ìwé kan ní Ìkọ̀lé báyìí. Mo ṣì ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Tí wọ́n bá bi mí bí mo ṣe ṣe é, mo máa ń sọ òótọ́: ọ̀rọ̀ òjò ṣì wà lọ́kàn mi, mi ò rí ẹni tó dáhùn rẹ̀ tán. Ìbéèrè Àǹtí Nọ́ọ̀sì náà ṣì wà níbẹ̀, irinṣẹ́ kankan ò tíì wọ̀n ọ́n. Mo ń gbàdúrà, mo sì ń bi ara mi báwo lo ṣe mọ̀, méjèèjì ò lé ara wọn jáde. Ìgbà tí mo bá ń kọ́ àwọn ọmọ nípa ìmọ́lẹ̀, tí ojú wọn bá là, ni mo máa ń sún mọ́ Ọlọ́run jù. Mi ò lè fi han ẹnikẹ́ni pé bẹ́ẹ̀ ni. Bó ṣe ń ṣe mí nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ohun tó tún dùn mọ́ mi ju dìbéètì lọ ṣẹlẹ̀ kí n tó kúrò nílé. Àlùfáà wa rí i pé ọ̀rọ̀ náà ò tán lẹ́nu àwọn èèyàn, ló bá ní lẹ́yìn ìsìn ìrọ̀lẹ́ lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí ẹnikẹ́ni tó bá ní ìbéèrè dúró sẹ́yìn. Ìbéèrè èyíkéyìí ni, ti Ọlọ́run, ti ayé. Àkọ́kọ́ irú rẹ̀, mo rò pé àwa ọ̀dọ́ nìkan la máa wà níbẹ̀. Àwọn àgbà ló pọ̀ jù. Wọ́n jókòó. Bàbá mi ló kọ́kọ́ dìde.

"Ìbéèrè tèmi," ó ní, "láti kékeré ni mo ti ní i, ojú ló ń tì mí. Tí mo bá ń bọ̀ láti oko ní ìrọ̀lẹ́, òṣùpá máa ń tẹ̀ lé mi. Tí mo bá dúró, á dúró. Tí mo bá yà, á yà. Kí ló dé tó fi jẹ́ pé èmi ló ń tẹ̀ lé?"

Ọkùnrin tí oko rẹ̀ bá tiwa pààlà fò dìde. "Irọ́ ni! Èmi ló ń tẹ̀ lé! Tí a bá jọ ń bọ̀, tí mo bá yà sí ọ̀nà ulé mi, èmi ló máa ń bá lọ!"

"Ìwọ wo?"

"Èmi!"

Àlùfáà pàtẹ́wọ́. "Ẹ dúró ná. Òṣùpá ti yọ. Kí la ń ṣe nínú ilé?"

Gbogbo wa tú síta. Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣú ni, òṣùpá wà lókè àwọn òrùlé, ó tóbi, ó pọ́n díẹ̀. Àlùfáà ní kí bàbá mi máa lọ sí apá ọ̀nà Òyè, kí ọkùnrin kejì máa lọ sí apá ọjà, kí kálukú máa wo òṣùpá, kó sì máa pariwo ohun tó rí.

"Ó ń tẹ̀ lé mi o!" bàbá mi ké láti ọ̀hún.

"Èmi ló ń tẹ̀ lé!" ẹnì kejì ké láti ìhà kejì.

Kò pẹ́ tí gbogbo ìjọ fi ń rìn káàkiri nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ìyá tó wá gbàdúrà lé mi lórí, ẹni tó ń tẹ dùùrù, Àǹtí Nọ́ọ̀sì, gbogbo wọn gbé orí sókè, wọ́n ń kọlu ara wọn, wọ́n ń pariwo pé èmi ló ń tẹ̀ lé, èmi ni. Àlùfáà wò mí. "Ó yá, akẹ́kọ̀ọ́ sáyẹ́ǹsì. Ṣàlàyé fún wọn."

Mo gun orí àtẹ̀gùn. Mo ní kí wọ́n rántí òkè tó jìnnà, tí wọ́n bá wà nínú mọ́tò, bí àwọn igi ẹ̀bá ọ̀nà ṣe ń sá lọ sẹ́yìn, tí òkè yẹn sì dà bí ẹni tó ń bá wọn lọ. Mo ní òṣùpá jìnnà ju òkè lọ, ó jìnnà débi pé Ayédé látòkè délẹ̀ ò tó ẹyọ ìṣísẹ̀ kan lójú rẹ̀, nítorí náà ibi tó o bá lọ, kò ní yí padà fún ọ.

Wọ́n tún gbójú sókè wò ó.

"A jẹ́ pé kò tẹ̀ lé ẹnikẹ́ni," ni ọkùnrin olóko wí.

"Tàbí kó jẹ́ pé gbogbo wa ló ń tẹ̀ lé," ni Àǹtí Nọ́ọ̀sì wí.

Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ ariwo wọn. Bàbá mi ò bá wọn sọ̀rọ̀. Ó ti yà kúrò láàárín wọn, ó gbé ẹsẹ̀ bíi mélòó kan sí apá ọ̀tún, ó dúró, ó wòkè. Ó gbé ẹsẹ̀ sí apá òsì, ó dúró, ó wòkè, ó sì ń rẹ́rìn-ín.